Wọ́n yí kílò padà ní 2019: ṣé irin ìwọ̀n tí bàbá àwọn ọmọ fi sílẹ̀ ti di pàǹtí?

Ìyá kan tó ń ra kajú kiri àwọn abúlé ẹ̀yìn Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní kí ọmọ wọn bá wọn tẹ ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Irin ìwọ̀n 20 kílò kan wà lọ́wọ́ mi tí bàbá àwọn ọmọ fi sílẹ̀, òun la fi ń yẹ sikéèlì wò ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọjà láàárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, alágbàtà tó ń gba kajú lọ́wọ́ mi gbé sikéèlì tiẹ̀ wá, báàgì tí mo wọ̀n ní 80 kílò bá di 78 lọ́wọ́ ẹ̀. Mo bá a jà, ó ní irin mi ti di ayé àtijọ́, pé àwọn òyìnbó ti yí kílò padà láti 2019. Ṣé lóòótọ́ ni? Ta ló tiẹ̀ ń pàṣẹ pé bí kílò kan ṣe máa wúwo nìyí?"

Màámi, ó fi ewé òótọ́ pọ́n irọ́ fún yín bí ẹni pọ́n ẹ̀kọ ni. Wọ́n yí nńkan kan padà lóòótọ́, 20 May 2019 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àmọ́ bí kílò ṣe wúwo kọ́ ni wọ́n yí, ohun tí wọ́n fi ń dá kílò mọ̀ ni. Irin tó bá jẹ́ 20 kílò nígbà tẹ́ ẹ sùn lálẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù yẹn, 20 kílò náà ló jẹ́ nígbà tẹ́ ẹ jí. Gbogbo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún táwọn sáyẹ́ńtíìsì fi ṣe wàhálà lórí ẹ̀, torí kí nńkankan má bàa yí lọ́wọ́ ẹ̀yin ọlọ́jà ni. Ti kílò méjì tó sọnù yẹn, n ó padà síbẹ̀, torí mi ò tíì ní kẹ́ ẹ máa yọ̀ o.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí kóńgò. Ẹni tó bá ti ra gààrí ní ọjà Wazo rí mọ̀ pé kóńgò ju kóńgò lọ. Ọ̀kan wà tí ìdí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, òmíràn wà tí wọ́n ti lù láti ìsàlẹ̀ títí ìdí ẹ̀ fi wú sínú, tẹ́ ẹ bá wo orí ẹ̀ gààrí á ga bí òkè, ẹ ò ní mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lẹ rà nísàlẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, màámi máa ń gbé kóńgò ilé wa lé mi lọ́wọ́ tí wọ́n bá rán mi lọ ra gààrí, obìnrin tó ń tà á á sì fárí gá, á ní "èyí kì í ṣe kóńgò, garawa ni ìyá ẹ fún ẹ gbé wá," èmi náà á ní kóńgò ni wọ́n pè é nílé. Àwa méjèèjì ń pe orúkọ kan, nńkan tó wà lọ́kàn wa ò dọ́gba. Ìjà yẹn ò lè parí àfi tí kóńgò kan bá wà níbì kan tí gbogbo ọjà gbà pé òun ni ìyá kóńgò, tó jẹ́ pé ti ẹnikẹ́ni tí ò bá bá a dọ́gba, ti onítọ̀hún ni ò dáa.

Bí ilẹ̀ Faransé ṣe rí nìyẹn títí di ìgbà tí wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ ọba wọn ní nńkan bí 1789 sí 1792, páùn ìlú yìí ò bá ti ìlú kejì dọ́gba, olówó ilẹ̀ ń fi òṣùwọ̀n ńlá gba ìṣákọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n wá ṣe wù mí gan-an. Wọ́n ní ìyá kóńgò ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọba kankan, ẹ jẹ́ ká lo omi, torí omi ò lólówó. Òfin tí wọ́n ṣe ní 7 April 1795 sọ pé gíráàmù kan ni bí omi tó mọ́ ṣe wúwo tó bá kún àpótí kékeré kan tí gígùn ẹ̀, ìbú ẹ̀ àti gíga ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, kí omi ọ̀hún sì tutù bíi ti yìnyín tó ń yọ́. Ṣùgbọ́n gíráàmù kéré jù, kò sí ẹni tó máa fi ta ẹran, ni wọ́n bá kó ẹgbẹ̀rún ẹ̀ pọ̀, èyí tí í ṣe omi lítà kan, òun ni kílógíráàmù. "Kílò" tá à ń pè lọ́jà yìí, ẹgbẹ̀rún lásán ló túmọ̀ sí o, kò sọ ẹgbẹ̀rún kí ni. Tẹ́ ẹ bá ní "ẹ wọn kílò méjì fún mi", ẹgbẹ̀rún méjì lẹ ní kí wọ́n wọ̀n, orí ló kó wa yọ tí ẹlẹ́ran mọ ohun tá a ní lọ́kàn. Wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ fún un lórúkọ tiẹ̀ ní 1793, "grave" ni wọ́n pè é, orúkọ yẹn ò pẹ́ tó fi kú, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú gbogbo àwọn ìwọ̀n ìpìlẹ̀ táyé ń lò, kílógíráàmù nìkan ló gbé ẹgbẹ̀rún sórí orúkọ.

Omi ní wàhálà tiẹ̀. Ó ń gbẹ, afẹ́fẹ́ ń wọnú ẹ̀, tó bá móoru ó ń fẹ̀. Lítà omi kan nínú ooru Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí, tí ara ẹ̀ jẹ́ 30 lórí ìwọ̀n Celsius, gíráàmù 996 péré ló máa wọ̀n, gíráàmù mẹ́rin ti lọ. Nítorí náà ní 1799 wọ́n fi platinum, irin olówó iyebíye kan, ṣe irin ìwọ̀n kan tí wọ́n wọ̀n títí tó fi bá lítà omi kan dọ́gba, omi tó wà ní ìwọ̀n 4, níbi tí omi ti máa ń ki jù. Àtìgbà yẹn ni ìyá kóńgò ti kúrò lára omi tó di irin.

Ní 20 May 1875, orílẹ̀-èdè 17 fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Paris pé àwọn á jọ máa lo ìwọ̀n kan náà, wọ́n sì dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ fún un ní Sèvres, lẹ́bàá Paris. Ní 1889 wọ́n gbé irin tuntun kalẹ̀, platinum ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, iridium ìdá 10 kó lè le dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí i ẹ ò ní kà á sí, gíga ẹ̀ ò ju mílímítà 39 lọ, ìbú ẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, kò tó agolo mílíìkì. Ṣùgbọ́n ìgò ni wọ́n dé lé e lórí, wọ́n tún fi ìgò mìíràn dé ìgò, wọ́n wá gbé e sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, ọwọ́ èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, àfi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé kí wọ́n tó lè ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dá àjọ rí mọ ìdí tí àpótí fi ń ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta. Wọ́n ṣe ọmọ fún un, wọ́n pín in fún orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi, lára àwọn ọmọ yẹn ni wọ́n ti ń wọ ọmọ-ọmọ títí tó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rọ irin tó wà lọ́wọ́ yín yẹn. Kódà páùn tí àwọn bàbá wa fi ń ta kòkó, láti 1959 ni wọ́n ti so òun náà mọ́ kílò, 0.45359237 kílò ni páùn kan, kò lé kò dín.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn nìyí. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n kó àwọn ọmọ jọ, wọ́n gbé wọn lé sikéèlì pẹ̀lú ìyá wọn, wọ́n bá rí i pé wọn ò dọ́gba mọ́. Ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ sí ìyá wọn tó nńkan bí 50 máíkírógíráàmù. Tẹ́ ẹ bá pín gíráàmù kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, 50 nínú ẹ̀ nìyẹn, bí ẹyọ iyọ̀ kan ṣoṣo báyìí. Wọ́n wá bi ara wọn, ta ló yí nínú wọn, ṣé àwọn ọmọ ló sanra ni àbí ìyá ló rù? Kò sí ẹni tó lè sọ. Torí òfin ti sọ pé ohunkóhun tí irin yẹn bá wọ̀n, kílò kan ni. Tí eruku bá bà lé e, kílò kan náà ló ṣì jẹ́, gbogbo yòókù láyé ló fúyẹ́, títí kan báàgì kajú yín tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ò mọ nńkankan. Wíwẹ̀ tí wọ́n ń wẹ̀ fún un gan-an tún di ọ̀rọ̀, wọ́n á fi awọ múlọ́múlọ́ tí wọ́n rẹ sínú ọtí àti ether nù ún, wọ́n á wá fi ooru omi mímọ́ fọ̀ ọ́, tó bá jáde níbi ìwẹ̀ ó ti fúyẹ́ sí i, ẹ sọ fún mi, ìwọ̀n wo lèèyàn á máa wẹ̀ tó á sì máa yí?

Màámi, ẹ ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú mi o. Ká tiẹ̀ ní gbogbo 50 máíkírógíráàmù yẹn ni wọ́n dìídì yọ kúrò lára kílò ní 2019, tí wọn ò sì yọ ọ́, nínú báàgì 80 kílò mílígíráàmù mẹ́rin ló máa jẹ́. Kò tó eruku tó ń bẹ lára àpò. Alágbàtà yín wá sọ mílígíráàmù mẹ́rin di kílò méjì, ẹ bi í bóyá iléeṣẹ́ wọn ń gbaṣẹ́.

Kí ni wọ́n wá fi rọ́pò irin? Ní 16 November 2018 ní Versailles, àwọn orílẹ̀-èdè dìbò pé àwọn ò fẹ́ ìyá kóńgò tí wọ́n ń tì mọ́lé mọ́, nọ́mbà kan làwọn fẹ́. Nọ́mbà yẹn ni wọ́n ń fi orúkọ Max Planck pè, ará Jámánì kan tó rí i ní 1900 pé iná, ìyẹn ìmọ́lẹ̀, kì í wá bí ẹ̀kọ mímu tó ń ṣàn wálẹ̀, ẹyọ ẹyọ ló ń wá bí ẹ̀wà. Bí ẹyọ kan ṣe máa lágbára tó, nọ́mbà yìí ló ń sọ ọ́, 6.62607015, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé tẹ́ ẹ bá kọ póìńtì, òdo 33 lẹ máa kọ kẹ́ ẹ tó kan 6 yẹn. Bó ṣe rí ní Sèvres ló ṣe rí ní Ìkọ̀yí, ló ṣe rí lójú ọ̀run, kò sẹ́ni tó lè lu ìdí ẹ̀ kó wú sínú, kò sẹ́ni tó máa wẹ̀ ẹ́. Nínú ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka nọ́mbà yẹn, kílógíráàmù wà, mítà wà, sẹ́kọ́ńdù wà. Sẹ́kọ́ńdù, wọ́n ti so ó mọ́ átọ́ọ̀mù cesium tó ń gbọ̀n nígbà 9,192,631,770. Mítà, wọ́n ti so ó mọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sáré, mítà 299,792,458 ní sẹ́kọ́ńdù kan. Nígbà tí wọ́n wá de nọ́mbà Planck mọ́lẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ yí, kílógíráàmù nìkan ló kù tí ò ní ibi tó máa sá lọ, òun náà dúró.

Ẹ máa ní nọ́mbà lásán kọ́ lẹ fi ń ra kajú. Òótọ́ ni, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń sọ nọ́mbà di ìwọ̀n, ẹni tó ronú ẹ̀ kàn ni Bryan Kibble, ní 1975, níléeṣẹ́ ìwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe sikéèlì ọ̀hún báyìí. Tẹ́ ẹ bá ti tú sípíkà rédíò rí, ẹ máa rí òòfà, ẹ máa rí wáyà kọ́pà tí wọ́n yí mọ́ nńkan róbótó láàárín ẹ̀. Tí kọ́rẹ́ǹtì bá wọ wáyà yẹn, òòfà á tì í, ohun tó ń jẹ́ kí sípíkà pariwo nìyẹn. Kibble ní kí wọ́n gbé irin sí apá kan sikéèlì, kí wọ́n fi wáyà àti òòfà sí i, kí wọ́n máa mú kọ́rẹ́ǹtì lọ sókè títí agbára tí wáyà fi ń tì á fi bá bí ilẹ̀ ṣe ń fa irin dọ́gba. Ó tán? Kò tán. Èèyàn ò lè mọ̀ dájú bí òòfà yẹn ṣe lágbára tó, wáyà náà ò sì lè tẹ́jú tán pátápátá, àbùkù á máa wà níbẹ̀.

Ọgbọ́n ẹ̀ wà níbí, ọlọ́jà ló sì máa tètè yé. Ẹni tó bá fi kóńgò tí ìdí ẹ̀ wú ra gààrí, tó wá fi kóńgò kan náà yẹn tà á, ṣé kóńgò yẹn rẹ́ òun fúnra ẹ̀ jẹ? Rárá, kóńgò mẹ́wàá ló wọlé, mẹ́wàá ló jáde, àbùkù ti pa àbùkù rẹ́. Kibble gbé irin kúrò, ó fa wáyà kan náà yẹn lọ sókè sódò láàárín òòfà kan náà bí ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ń yí, iná jáde látara ẹ̀, ó wọn fóltéèjì iná yẹn, ó wọn bí wáyà ṣe ń yára tó. Ẹ̀ẹ̀kan òòfà lo kọ́rẹ́ǹtì, ẹ̀ẹ̀kejì òòfà kan náà mú fóltéèjì jáde, tí wọ́n bá pa ìṣirò méjèèjì pọ̀ òòfà á jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ pátápátá. Ohun tó kù kò ju kọ́rẹ́ǹtì, fóltéèjì, ìyára, àti bí ilẹ̀ ṣe ń fa nńkan níbẹ̀. Kọ́rẹ́ǹtì àti fóltéèjì, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà wọ̀n wọ́n tó jẹ́ pé nọ́mbà Planck ló ń jáde níbẹ̀ tààrà. Mo ti ṣàlàyé nńkan yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi títí, inú òòfà ni wọ́n máa ń sọnù sí, ọjọ́ tí mo mú kóńgò dé ọ̀rọ̀ ló yé wọn.

Àwọn ará Jámánì ní Braunschweig gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n fi sílíkọ̀n ṣe bọ́ọ̀lù kan tó róbótó jù ohun tí ọwọ́ èèyàn ti ṣe rí, ìbú ẹ̀ ò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, wọ́n sì ṣírò iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú ẹ̀. Ti wọn àti ti Kibble wá bára mu, ìgbà yẹn lọkàn gbogbo èèyàn balẹ̀ tí wọ́n fi dìbò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Sikéèlì tí alágbàtà gbé wá, ṣé èyí tí wọ́n ń gbé báàgì kọ́ ni, tí ọwọ́ kan ń yí lójú ẹ̀ bíi ti aago? Tó bá jẹ́ òun, sípíríìnì ló wà nínú ẹ̀, sípíríìnì kì í wọn bí kajú ṣe pọ̀ tó, bí ilẹ̀ ṣe ń fa kajú ló ń wọ̀n. Àwa Yorùbá ń pe méjèèjì ní ìwúwo, kò sì ń dà wá láàmú, ṣùgbọ́n wọ́n yàtọ̀. Báàgì 80 kílò yẹn tẹ́ ẹ bá gbé e dé inú òṣùpá, kóró kan ò ní já bọ́ nínú ẹ̀, síbẹ̀ sikéèlì onísípíríìnì á ní 13 kílò ni, torí òṣùpá ò ní agbára ìfà bí ilẹ̀ ayé. Ayé gan-an ò fa nńkan bákan náà níbi gbogbo, ó ń fà á lágbára sí i lápá òkè níbi tí yìnyín wà, ó dẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Sikéèlì sípíríìnì tí wọ́n ṣètò ẹ̀ ní London, tí wọn ò tún un ṣètò nígbà tó dé ibí, nńkan bíi gíráàmù 250 ló máa fi jẹ yín nínú báàgì 80 kílò. Ìyẹn náà ò sì tó kílò méjì. Tó bá jẹ́ sípíríìnì tó ti rẹ̀ torí wọ́n ti fi gbé ẹrù tó ju agbára ẹ̀ lọ, kílò tó máa kà ló máa lé, kò ní dín, nítorí náà ẹ má fi ẹ̀sùn yẹn kàn án.

Ẹ tún bi ara yín, ọjọ́ wo lẹ wọn báàgì yẹn, ọjọ́ wo ni òun wọ̀n ọ́n? Kajú tí ò tíì gbẹ dénú, tó bá sun ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún nínú oòrùn, omi á kúrò lára ẹ̀, kílò méjì á lọ lóòótọ́, sikéèlì méjèèjì á sì máa sòótọ́.

Tó bá wá jẹ́ pé lọ́jọ́ kan náà ni, màámi, ẹ má bínú sí mi, irin yín lèmi máa kọ́kọ́ wò. Kílò méjì nínú 80, ìdá kan nínú ogójì ni. Ìdá kan nínú ogójì irin 20 kílò, gíráàmù 500. Bí irin yẹn bá jẹ́ 19 kílò ààbọ̀, tẹ́ ẹ sì ń yí sikéèlì yín láràárọ̀ títí tó fi ń pe irin yẹn ní 20, kajú 78 á máa di 80 lójú ẹ̀ lójoojúmọ́, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí yín gan-an nìyẹn. Irin ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ihò, òkè tàbí ìdí ẹ̀ ló máa ń wà, òjé ni wọ́n ń rọ sínú ihò yẹn kí ìwọ̀n ẹ̀ lè pé géérégé, orí òjé náà ni wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ lé. Òjé sì wúwo, èyí tó tó ẹyin adìẹ kan ti tó gíráàmù 500. Ẹ yí irin yẹn dé, ẹ wo ihò, ṣé òjé ṣì wà níbẹ̀ àbí ó ti bọ́? Àwọn ọmọdé máa ń yọ ọ́ fi ṣe nńkan ìpẹja, mo ti rí i.

Òfin ìwọ̀n ti wà ní Nàìjíríà láti 1974, òfin náà ló ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ máa yẹ sikéèlì àti irin tí wọ́n fi ń ṣòwò wò, ẹ̀tọ́ yín ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n wọn méjèèjì, tiyín àti ti alágbàtà, kì í ṣe tiyín nìkan o. Kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn, mo ní irin 20 kílò kan tó ní òǹtẹ̀, ẹ gbé tiyín wá ká gbé méjèèjì sí apá ọ̀tún àti apá òsì sikéèlì, a ò ní lo sípíríìnì rárá. Ẹ gbé e wá bó ṣe rí. Ẹ má fi yanrìn àti kànrìnkàn ha ìpẹtà ara ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó máa bọ̀, torí ìpẹtà yẹn náà wà lára ohun tí mo fẹ́ wọ̀n.